Bí Ẹ̀wọ̀n Tín-ín-rín Ṣe Ń Di Wúrà Mú

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni ó wà láyé yìí tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n tí ojú ń rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójoojúmọ́. Bí a bá fi ṣíbí bu ọbẹ̀ ilá sókè, ọbẹ̀ náà yóò máa fà tẹ̀lé ṣíbí bí okùn. Bí a bá fi ọ̀dà kun pánù òrùlé, ọ̀dà náà yóò lẹ̀ mọ́ pánù, òjò ọdún kan kò sì ní í fọ̀ ọ́ kúrò. Bí nọ́ọ̀sì bá kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ojú pépà kékeré tí a fi ń yẹ ibà wò, ìlà pupa kan lè yọ níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọbẹ̀ ilá, ọ̀dà, àti ìlà pupa yìí kò jọ ara wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan náà ni gbogbo wọ́n ti jáde wá. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pólímà. Bí ẹyọ ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ kan ṣe ń hùwà nígbà tí ó bá kan ojú irin, pàápàá ojú wúrà, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gba àlàyé.

Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni a fi átọ̀mù kọ́. Bí átọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so pọ̀, wọ́n di mólékù. Mólékù omi kéré púpọ̀. Átọ̀mù mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mólékù kan wà tí wọ́n dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Oríkèé kan so mọ́ èkejì, èkejì so mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi pé ọgọ́rùn-ún, tàbí ẹgbẹ̀rún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Irú mólékù gígùn bẹ́ẹ̀ ni pólímà. Bí ó ti wù kí ó gùn tó, síbẹ̀ ó tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní náńómítà. Átọ̀mù wúrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ó tó náńómítà kan. Irú òṣùwọ̀n báyìí ni a fi ń wọn nínípọn ẹ̀wọ̀n pólímà.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́mísìrì ni kò gbà pé irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ wà rárá. Lójú tiwọn, rọ́bà àti sítáàṣì kì í ṣe ohun mìíràn ju àwọn mólékù kéékèèké tí wọ́n kàn kóra jọ bí èrò ọjà, tí wọ́n sì lè túká nígbàkígbà. Ẹni tí ó takò wọ́n ni Hermann Staudinger, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí a bí ní 1881. Ní 1920 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mólékù gígùn gan-an ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí oríkèé wọn so pọ̀ ṣinṣin. Inú rọ́bà ni ó ti wá ẹ̀rí. Àwọn alátakò rẹ̀ ní agbára kan nínú rọ́bà ni ó kó àwọn mólékù kéékèèké rẹ̀ jọ. Staudinger fi gáàsì háídírójìn kún rọ́bà, ní ọ̀nà tí agbára tí wọ́n ń wí yìí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí rọ́bà náà túká di ohun fífúyẹ́ tí iná lè tètè sọ di oru. Kò túká, ó ṣì ń hùwà bí ohun tí mólékù rẹ̀ tóbi. Síbẹ̀ òtítọ́ rẹ̀ dé ọjà, ó sì kù tà fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó di 1953 ni a tó fún un ní Ẹ̀bùn Nobel, ó sì ti di ẹni ọdún 72 nígbà náà. Lónìí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ kẹ́mísìrì tí a kì í ti í kọ́ ohun tí ó sọ.

Nínú omi, ẹ̀wọ̀n pólímà kì í sábà nà gbọọrọ bí ọ̀pá. Àwọn mólékù omi tí ó yí i ká kò mọ ìsinmi. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń sáré, wọ́n sì ń kọlu ẹ̀wọ̀n náà lọ́tùn-ún lósì. Nítorí náà, ńṣe ni ó máa ń ká jọ bí okùn tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀, tí ó ń tú, tí ó sì tún ń ká. Ìrísí tí ó ní nísinsìnyí kọ́ ni yóò ní nígbà tí ojú bá fi ṣẹ́. Ọ̀nà tí ó lè gbà ká ara rẹ̀ kò lóǹkà. Òmìnira yìí ni ọrọ̀ rẹ̀, kì í sì í fi ṣòfò láìgba nǹkan kan dípò rẹ̀.

Bí ẹ̀wọ̀n náà bá wá kan ojú wúrà, ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn átọ̀mù tí wọ́n súnmọ́ ara wọn, agbára kékeré kan wà tí ń fà wọ́n mọ́ra. Agbára yìí ni ó ń fẹ́ kí oríkèé ẹ̀wọ̀n jókòó lé wúrà. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó bá jókòó kò lè lọ sókè sódò bí ó ti wù ú mọ́. Ẹ̀wọ̀n náà ti pàdánù díẹ̀ nínú òmìnira rẹ̀. Bí ohun tí wúrà ń san bá kéré sí òmìnira tí ẹ̀wọ̀n ń pàdánù, ẹ̀wọ̀n yóò bá tirẹ̀ lọ. Bí ohun tí wúrà ń san bá fi díẹ̀ péré pọ̀ jù ú lọ, ẹ̀wọ̀n yóò dúró. Bí ẹ̀wọ̀n bá gùn, ìyípadà láti orí lílọ sí orí dídúró yìí a máa wáyé bí ẹni pé lójijì. Bí ooru bá sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye owó òmìnira ń ga sí i, tí ó sì ń ṣòro sí i fún wúrà láti san án.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí agbára tí ń fa oríkèé kọ̀ọ̀kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí omi kò fi lè fọ ẹ̀wọ̀n náà kúrò? Ìṣirò kékeré kan yóò la ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ẹ jẹ́ kí a sọ, fún àpẹẹrẹ lásán, pé oríkèé kan a máa di wúrà mú fún ìdajì àkókò, a sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìdajì yòókù. Bí mólékù bá ní oríkèé kan ṣoṣo, yóò tètè bọ́ lọ. Bí ó bá ní méjì, ìgbà kan péré nínú mẹ́rin ni àwọn méjèèjì yóò jọ̀wọ́ wúrà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, yóò di ìgbà kan nínú 1,024. Bí ó bá jẹ́ ogún, yóò di ìgbà kan nínú 1,048,576. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀wọ̀n tí oríkèé rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ọwọ́ kan bá já, ọgọ́rùn-ún ọwọ́ mìíràn ṣì di ìdè mú, èyí tí ó já yóò sì tún padà dì í. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti pólímà. Ìdí nìyí tí ohun tí oríkèé kan kò lè ṣe fún ìṣẹ́jú kan fi ṣeé ṣe fún ẹgbẹ̀rún oríkèé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀wọ̀n tí ó lẹ̀ mọ́ wúrà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà gbogbo kò tíì mọ ìwà rẹ̀ tán. Ọ̀nà mẹ́ta ni ara rẹ̀ sábà máa ń pín sí. Èkíní ni apá tí ó sùn lé wúrà. Èyí ni a lè pè ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí òun ni ó fi dúró. Èkejì ni apá tí ó dìde kúrò lórí wúrà, tí ó ká bí ojóbó, tí ó sì tún padà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìrù, èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ó na ara rẹ̀ sínú omi, tí ó ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí wúrà bá ń fa ẹ̀wọ̀n náà gidigidi, ẹsẹ̀ yóò pọ̀, ojóbó àti ìrù yóò sì dín kù. Bí kò bá fà á púpọ̀, ojóbó àti ìrù ni yóò pọ̀ jù.

Bí gbogbo ara ẹ̀wọ̀n bá wá di ẹsẹ̀, ìṣòro mìíràn dé. Nínú omi, apá kan ẹ̀wọ̀n lè gba orí tàbí abẹ́ apá kejì kọjá. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí orí, kò sí abẹ́. Ńṣe ni wọn yóò máa yà fún ara wọn. Nítorí náà, ẹ̀wọ̀n tí ó tẹ́ sílẹ̀ a máa gba ààyè ju èyí tí ó wà nínú omi lọ. Paul Flory, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1974, ni ó fi ọ̀nà tí a ń gbà ṣe irú ìṣirò yìí hàn. Bí a bá sọ gígùn ẹ̀wọ̀n kan di ìlọ́po 100 nínú omi tí ó bá a lára mu, fífẹ̀ rẹ̀ yóò di nǹkan bí ìlọ́po 15. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, fífẹ̀ rẹ̀ yóò súnmọ́ ìlọ́po 32. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Munich wo ẹ̀wọ̀n DNA tí ó sùn lórí awọ ọ̀rá tí ó tẹ́jú, ohun tí wọ́n sì fi ojú rí súnmọ́ ohun tí ìṣirò sọ.

Ojú wúrà tún jọ ọjà ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn ẹ̀wọ̀n tí ó kọ́kọ́ dé a máa rí ààyè gbòòrò, wọn a sì tẹ́ ara wọn sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn kò ní í rí ju àlàfo kékeré lọ. Ẹsẹ̀ wọn yóò kéré, ojóbó àti ìrù wọn yóò sì pọ̀. Bí ẹ̀wọ̀n kúkúrú àti gígùn bá wà nínú omi kan náà, àwọn kúkúrú ni yóò kọ́kọ́ dé, nítorí ara wọn yá ju ti àwọn gígùn lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn gígùn yóò máa gba ipò lọ́wọ́ wọn, nítorí ọwọ́ àwọn gígùn pọ̀ ju tiwọn lọ. Kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó lè gba ipò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Omi tí ó bá rí ọ̀nà gbà wọ abẹ́ ọ̀dà lè gba ìdè mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú èyí wà lára ohun tí ń mú kí ọ̀dà ṣí kúrò lára pánù, kí ìpẹtà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ pólímà ni ọkùnrin kan ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí wúrà. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkùnrin náà. Ní 1857, ní London, ó ṣe omi kan tí èérún wúrà wà nínú rẹ̀. Àwọn èérún náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rì. Omi náà kò pọ́n bí òrùka wúrà. Ó pupa fòò. Bí ó bá da iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, pupa náà yóò yí padà sí àwọ̀ búlúù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé iná mànàmáná tí ó wà lára èérún kọ̀ọ̀kan ni ó ń lé àwọn yòókù sẹ́yìn. Iyọ̀ pa agbára náà, àwọn èérún sì so mọ́ ara wọn di òkìtì. Ṣùgbọ́n Faraday ṣàkíyèsí pé bí òun bá kọ́kọ́ fi jẹ́látíìnì díẹ̀ sínú omi náà, iyọ̀ kò rí i gbé ṣe mọ́. Jẹ́látíìnì ni ohun tí ń jáde lára awọ àti egungun ẹran tí a bá sè wọ́n pẹ́, òun ni ó sì ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì bí ó bá tutù. Pólímà ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti bo èérún wúrà, ojóbó àti ìrù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí èérún kan súnmọ́ èkejì.

Ní 1901, Richard Zsigmondy, ẹni tí a bí ní Vienna, sọ àkíyèsí yìí di òṣùwọ̀n. Ó wọn mìlílítà 10 nínú omi wúrà, ó sì béèrè pé mìlígíráàmù mélòó nínú nǹkan kan ni yóò gba wúrà yìí lọ́wọ́ mìlílítà kan omi iyọ̀. Jẹ́látíìnì kò nílò ju nǹkan bí 0.005 sí 0.01 lọ. Gọ́ọ̀mù tí ń jáde lára igi ẹlẹ́gùn-ún, irú èyí tí ó wà ní ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá Nàìjíríà, nílò nǹkan bí 0.15. Sítáàṣì ọ̀dùnkún nílò tó 25, èyí tí ó tó ìlọ́po 2,500 ti jẹ́látíìnì, ó kéré tán. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni sítáàṣì náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn wúrà bí jẹ́látíìnì ti fẹ́ràn rẹ̀. A rí i pé kì í ṣe gígùn nìkan ni ó ń mú ẹ̀wọ̀n dúró. Ìfẹ́ oríkèé rẹ̀ sí ojú tí ó bá pàdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Zsigmondy gba Ẹ̀bùn Nobel ti 1925.

Ohun kan tún wà tí ó yani lẹ́nu. Bí ẹ̀wọ̀n bá pọ̀ tó láti bo gbogbo èérún, aláàbò ni. Bí ó bá kéré jù, ó lè di ọ̀tá. Ẹ̀wọ̀n kan lè fi ìdajì ara rẹ̀ di èérún kan mú, kí ó sì fi ìdajì yòókù di èérún mìíràn mú, kí ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkìtì ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí a ti ń ṣe omi ẹ̀rọ, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo ìwà yìí: a ó fi pólímà díẹ̀ sínú omi, yóò so èérún ẹrẹ̀ pọ̀, ẹrẹ̀ yóò sì rì sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni a fi ọgbọ́n mọ̀ kí ojú tó rí ẹyọ ẹ̀wọ̀n kan. Ní 1981, ní ìlú Zurich, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi abẹ́rẹ́ mímú wo ojú irin. A ó mú abẹ́rẹ́ náà súnmọ́ irin láìjẹ́ kí ó kàn án, iná mànàmáná díẹ̀ yóò sì fo àlàfo náà kọjá. Bí àlàfo náà bá fi ìdá mẹ́wàá náńómítà péré dín kù, iná náà yóò di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà ṣe ń mọ gegele àti kòtò ojú irin bí afọ́jú ti ń fi ọ̀pá mọ ọ̀nà. Ní 1986 a fún àwọn méjèèjì ní Ẹ̀bùn Nobel.

Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Berlin fi irú abẹ́rẹ́ yìí ṣe ohun tí ó ju wíwò lọ. Wọ́n tẹ́ mólékù kéékèèké sí ojú wúrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Wọ́n fi ooru mú kí àwọn mólékù náà so mọ́ ara wọn di ẹ̀wọ̀n. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ mú orí ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, wọ́n sì fà á sókè kúrò lórí wúrà, títí ó fi tó nǹkan bí náńómítà 20. Bí wọ́n ti ń fà á ni wọ́n ń wọn iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì rí i pé bí ẹ̀wọ̀n ti ń gùn sí i láàárín wúrà àti abẹ́rẹ́ ni iná náà ń dín kù. Ní 2014, àwọn mìíràn ní Basel wọn agbára tí a fi ń fa irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé oríkèé ẹ̀wọ̀n náà ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èyí tí ó kù nílẹ̀ sì ń yọ̀ tẹ̀lé e lórí wúrà láìjanpata. Ẹ̀wọ̀n tí kò ṣeé fọ̀ kúrò, tí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dì mú ṣinṣin, gba kí a fi orí fà á kúrò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ká ẹní.

Ìmọ̀ yìí kò dúró sí ilé àwọn onímọ̀ nìkan. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún aláìsàn ní oògùn ibà. Nínú ọ̀pọ̀ pépà tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò náà, èérún wúrà bí irú ti Faraday ni ó ń yọ ní ìlà pupa. A ti fi purotéènì bo àwọn èérún náà, purotéènì sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí ó ká ara rẹ̀ jọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ohun tí kòkòrò ibà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mú. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀wọ̀n kò bá bo wúrà dáadáa, èérún yóò so pọ̀, àyẹ̀wò yóò sì bàjẹ́. Bí purotéènì bá sùn lé wúrà ní ìdàkejì, ọwọ́ tí ó yẹ kí ó fi mú ohun tí a ń wá yóò há sábẹ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi máa ń wọn gbogbo nǹkan dáadáa, tí wọ́n sì máa ń fi purotéènì mìíràn dí ojú tí ó bá ṣófo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, tí pépà sì purọ́, a lè fún ọmọ náà ní oògùn tí kò yẹ ẹ́, tàbí kí a fi èyí tí ó yẹ ẹ́ dù ú.

Ẹ̀kọ́ kọ́ ni kí a fojú kéré ohun tí ó kéré. Oríkèé kan kò lágbára, ìdè rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ so pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú òmìnira rẹ̀, wọ́n di ohun tí omi kò lè fọ̀, tí iyọ̀ kò lè ṣẹ́gun, tí ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ àìsàn tí ń bẹ lára ọmọ.

Ìbéèrè

1. Ọ̀nà wo ni Staudinger gbà fi hàn pé mólékù rọ́bà gùn?
2. Kí ni ẹ̀wọ̀n pólímà ń pàdánù nígbà tí ó bá jókòó lé wúrà, kí sì ni ó ń rí gbà dípò rẹ̀?
3. Ṣe àlàyé ẹsẹ̀, ojóbó, àti ìrù gẹ́gẹ́ bí a ti lò wọ́n nínú àròkọ yìí.
4. Báwo ni ẹ̀wọ̀n kan náà ṣe lè jẹ́ aláàbò àti ọ̀tá fún èérún wúrà?
5. Lo òwe tí ó wà nínú àròkọ yìí láti kọ ìpínrọ̀ kan lórí ìṣọ̀kan.